Ìbéèrè Ẹ̀yin Òǹkàwé: Aago Wo Ni Òṣíbàtà Ń Là?

Láti ìgbà tí òjò ti fìdí múlẹ̀ ni lẹ́tà lórí òṣíbàtà ti ń dé ọ̀dọ̀ wa láti Ìlọrin títí dé apá gúúsù Kwárà. Ohun kan náà ni ọ̀pọ̀ wọn ń sọ: a lọ wò ó, a kò bá a ní lílà. Ìyẹn la kọ́kọ́ dáhùn, torí ẹni tó bá mọ aago òdòdó yìí kò ní náwó ọkọ̀ lásán.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo kó àwọn ọmọ lọ sí ọgbà ìgbafẹ́ kan lọ́jọ́ Sátidé nítorí òṣíbàtà tí wọ́n ní ó wà nínú adágún ibẹ̀. Aago kan ọ̀sán la débẹ̀. Ewé kún ojú omi, àmọ́ gbogbo òdòdó rẹ̀ ló pa dé. Olùtọ́jú ọgbà ní kò sóhun tó ṣe wọ́n. Ṣé òótọ́ ló sọ àbí ó kàn fẹ́ fi wá lọ́kàn balẹ̀? Ìyá Ìbejì, Tankẹ, Ìlọrin.

ÌDÁHÙN: Òótọ́ ló sọ, Ìyá Ìbejì. Òṣíbàtà funfun tó wọ́pọ̀ jù nínú odò àti adágún wa, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Nymphaea lotus, alẹ́ ló ń là. Nígbà tí ilẹ̀ bá ń ṣú ni yóò bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí. Gbogbo òru ni yóò fi là sílẹ̀, yóò sì tún wà bẹ́ẹ̀ láàárọ̀ títí di nǹkan bí aago 9 sí 10. Bí oòrùn bá ti mú, yóò pa dé. Lọ́jọ́ tí ìkùukùu bo ojú ọ̀run, ó lè fara dà á di aago 11. Ẹni tó bá débẹ̀ ní aago kan ọ̀sán yóò bá a nínú oorun rẹ̀ ni.

Òmíràn wà tó jẹ́ pé ọ̀sán ni tirẹ̀. Nymphaea micrantha jẹ́ ọmọ ilẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà bákan náà. Òdòdó rẹ̀ kéré, ó funfun tàbí kó ní àwọ̀ búlúù fẹ́ẹ́rẹ́, aago 8 sí 9 àárọ̀ ló ń là, tí yóò sì pa dé ní nǹkan bí aago 3 sí 4. Bí ẹ bá fẹ́ mọ èyí tó wà nínú adágún kí òdòdó tó là, ewé ni kẹ́ ẹ wò. Etí ewé ti alálẹ́ ní eyín ṣóṣóró yí ká. Ti micrantha kò ní irú eyín bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ wo ojú ibi tí ọ̀pá ewé ti so mọ́ ewé: ẹ máa ń rí ọmọ òṣíbàtà kékeré tó ń hù níbẹ̀, pẹ̀lú ewé tirẹ̀ àti gbòǹgbò bí irun. Bí ewé ìyá bá jẹrà, ọmọ yẹn á ya kúrò, á sì lọ dúró láyè ara rẹ̀.

Ní ọgbà tó bá ní àwọn méjèèjì, aago 8 àárọ̀ ló dára jù, nítorí pé alálẹ́ kò tíì pa dé, ọlọ́sàn-án sì ti ń là. Wákàtí kan péré ni ànfààní yẹn máa ń fẹ́ sí. Ẹ má fi í ṣòfò lórí ohun jíjẹ àti fọ́tò ẹnu géètì.

Nígbà tí ẹ bá débẹ̀, ẹ má kàn ka òdòdó, ẹ wo ọjọ́ orí wọn. Òdòdó kan máa ń là tó ìgbà mẹ́ta tàbí mẹ́rin kó tó parí iṣẹ́ rẹ̀. Nígbà àkọ́kọ́, omi díẹ̀ máa ń wà láàárín rẹ̀, àwọn ọ̀pá wẹ́wẹ́ tó ń mú lẹ́búlẹ́bú jáde á sì yà sẹ́yìn kúrò lórí omi náà. Kòkòrò tó bá gbé lẹ́búlẹ́bú wá láti ara òdòdó mìíràn á yọ̀ ṣubú sínú omi yẹn, ohun tó gbé wá á ṣàn sílẹ̀, irúgbìn á sì bẹ̀rẹ̀. Kòkòrò mìíràn kì í jáde mọ́. Láti ọjọ́ kejì, omi yẹn á ti gbẹ, àwọn ọ̀pá náà á tẹ̀ wá sáàárín, wọn á wá máa tú lẹ́búlẹ́bú tiwọn. Èyí tó bá ti parí á rì sábẹ́ omi, ibẹ̀ ni èso rẹ̀ ti ń gbó. Nítorí náà, òdòdó tí ẹ bá rí tó ń wọ omi lọ kì í ṣe òdòdó tó kú, ó lọ so ni.

ÌBÉÈRÈ: Mo fẹ́ kó ogójì akẹ́kọ̀ọ́ JSS lọ wo òṣíbàtà ní ọgbà ewéko fún ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì. Báwo ni kí n ṣe ṣètò rẹ̀, kí ni kí n sì fi hàn wọ́n? Olùkọ́, Ọ̀fà.

ÌDÁHÙN: Ẹ kú iṣẹ́ ọmọ o, olùkọ́. Yunifásítì Ìlọrin ní ọgbà ewéko àti ọgbà ẹranko nínú ọgbà ilé-ẹ̀kọ́ wọn lẹ́yìn Tankẹ, ẹ sì lè fi ìrìn-àjò kan wo méjèèjì. Ọgbà yòówù kẹ́ ẹ yàn, ẹ kọ̀wé sí wọn ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú, kẹ́ ẹ sì tún pè wọ́n lórí fóònù nígbà tó bá ku ọjọ́ méjì. Ohun mẹ́ta ni kẹ́ ẹ bi wọ́n: ṣé òṣíbàtà ń yọ òdòdó lọ́sẹ̀ yìí, ṣé alálẹ́ ni àbí ọlọ́sàn-án, aago mélòó ni wọ́n ń ṣí géètì. Bí wọ́n bá ní aago 9 ni àwọn ń ṣí, tó sì jẹ́ alálẹ́ ni wọ́n ní, ẹ jẹ́ kí bọ́ọ̀sì yín ti gbéra ní Ọ̀fà ní aago 6 ààbọ̀, kí adágún sì jẹ́ ibi àkọ́kọ́ tí ẹ máa dé. Àwọn ẹranko lè dúró dè yín.

Ní ti oṣù, àárín Òkúdù sí Ọ̀wàrà ló dára jù lágbègbè wa. Ṣáájú ìyẹn, ọ̀pọ̀ òṣíbàtà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ ewé ni. Tí ọyẹ́ bá sì ti dé, omi á máa fà, ewé á máa kéré sí i.

Ẹ pín ogójì ọmọ sí ọ̀nà mẹ́rin, àgbàlagbà kan fún mẹ́wàá-mẹ́wàá. Ẹgbẹ́ kan ṣoṣo ni kó wà létí omi lẹ́ẹ̀kan, fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ẹ fi okùn tàbí ẹfun fa ìlà sílẹ̀ ní mítà kan sí etí omi, kí ọmọ kankan má kọjá rẹ̀. Ẹrẹ̀ etí adágún ń yọ̀, ewé tó bo omi kì í sì í jẹ́ kí ọmọ mọ ibi tí ilẹ̀ pin sí. Ohun tó ń fa jàǹbá jù nìyẹn.

Ẹ bẹ olùtọ́jú ọgbà kó gé ewé àgbà kan fún yín pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀ gígùn, èyí tó ti ń pọ́n tí wọn ì bá tilẹ̀ sọ nù. Ewé kan yẹn tó ẹ̀kọ́ odidi wákàtí kan. Ẹ kán omi sí òkè rẹ̀: omi á ṣù jọ, á yí dànù. Ẹ wá yí i dojú bolẹ̀, kẹ́ ẹ kán omi sí abẹ́ rẹ̀: omi á tẹ́, á lẹ̀ mọ́ ọn. Òkè ni ihò tí ewé yìí fi ń mí wà, yàtọ̀ sí ọ̀pọ̀lọpọ̀ ewé orí ilẹ̀ tó jẹ́ pé abẹ́ ni tiwọn pọ̀ sí, nítorí náà òkè rẹ̀ kò gbọdọ̀ gba omi dúró. Lẹ́yìn náà, ẹ fi abẹ gé ọ̀pá ewé ní ìbú. Àwọn ọmọ á rí ihò ńlá àti kékeré tó la inú rẹ̀ já. Ẹ ti ẹnu tí ẹ gé bọ inú bókẹ́ẹ̀tì omi mímọ́, kẹ́ ẹ máa tẹ ọ̀pá náà láti òkè wá sílẹ̀: ìfófòó afẹ́fẹ́ á máa jáde ní tò-tò-tò. Ọ̀nà tí afẹ́fẹ́ ń gbà dé gbòǹgbò tó wà nínú ẹrẹ̀ nìyẹn, torí kò sí afẹ́fẹ́ nínú ẹrẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan tí a kò fẹ́ kẹ́ ẹ fojú kéré: kí ọmọ kankan má ṣe wọ inú odò tàbí adágún ìdídò láti já òṣíbàtà. Ìgbín omi wẹ́wẹ́ fẹ́ràn abẹ́ ewé bẹ́ẹ̀, ara irú ìgbín yẹn sì ni kòkòrò àtọ̀sí ajá ti ń jáde sínú omi, pàápàá lọ́wọ́ ọ̀sán. Awọ ara ló ń gbà wọlé, kò nílò ojú egbò. Ọmọ tó bá ti wọ irú omi bẹ́ẹ̀, tó wá ń tọ ẹ̀jẹ̀ lẹ́yìn oṣù díẹ̀, kí wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kí wọ́n yẹ ìtọ̀ rẹ̀ wò. Oògùn rẹ̀, praziquantel, wà, ó sì ń ṣiṣẹ́.

ÌBÉÈRÈ: Báwo ni mo ṣe lè dá òṣíbàtà mọ̀ yàtọ̀ sí ojú oró àti lótọ́ọ̀sì tí wọ́n ń fi hàn nínú fíìmù Íńdíà? Akẹ́kọ̀ọ́, Málété.

ÌDÁHÙN: Ojú oró kò ta gbòǹgbò sínú ilẹ̀. Ewé rẹ̀ tò yí ká bí ẹ̀fọ́, afẹ́fẹ́ sì lè gbé gbogbo rẹ̀ láti etí omi kan dé èkejì. Òṣíbàtà fẹsẹ̀ múlẹ̀ nínú ẹrẹ̀. Ewé rẹ̀ tẹ́ lórí omi, ó sì ní ibi kan tó là láti etí dé ojú ọ̀pá. Ewé lótọ́ọ̀sì kò là níbì kankan, àárín gbùngbùn ni ọ̀pá rẹ̀ wà, ó sì máa ń dìde dúró kúrò lórí omi. Ẹ wo ibi tí ewé ti là, ẹ kò ní ṣìnà.

ÌBÉÈRÈ: Àsàlámù àléékúmù. Ọmọ mi tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù ní òun fẹ́ mú mi lọ wo òṣíbàtà ńlá ní Kew, ọgbà ewéko wọn níbẹ̀, tí mo bá dé lóṣù Ògún. Ṣé ó tó ohun tí ènìyàn ń lọ wò? Ṣé mo lè mú irúgbìn rẹ̀ bọ̀ wálé? Àlàájà, Adéta, Ìlọrin.

ÌDÁHÙN: Wà àléékúmù sàlámù, Àlàájà. Ó tó, ó sì jù bẹ́ẹ̀ lọ. Oṣù tí ẹ mú náà dára gan-an. Òṣíbàtà ńlá tí wọ́n ń pè ní Victoria, ilẹ̀ Gúúsù Amẹ́ríkà ló ti wá. Ní Kew, láti ara irúgbìn ni wọ́n ti ń gbìn ín lọ́dọọdún, nítorí náà kì í tóbi títí ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn òyìnbó. Ní Agẹmọ sí Ọwẹ́wẹ̀ ni ewé rẹ̀ máa ń gbòòrò jù. Ẹni tó bá lọ lásìkò òtútù yóò bá ilé òṣíbàtà yẹn ní títì.

Ọdún 1852 ni wọ́n kọ́ ilé náà, Waterlily House, nítorí Victoria yìí gan-an. Ilé onídígí kékeré ni, adágún roboto wà láàárín rẹ̀. Òmíràn tún wà nínú ilé onídígí ńlá tí wọ́n ń pè ní Princess of Wales Conservatory, ẹ má fi ìyẹn sílẹ̀. Ní ọdún 2022 ni àwọn onímọ̀ Kew àti ti Bòlífíà kéde pé ẹ̀yà kẹta wà nínú Victoria, wọ́n sì pè é ní Victoria boliviana. Ó ti wà nínú àkójọ ewé gbígbẹ Kew fún ọdún 177 láìsí ẹni tó mọ̀ pé ó dá yàtọ̀. Èyí tó tóbi jù tí wọ́n tíì wọ̀n, ní ọgbà kan ní Bòlífíà, ewé rẹ̀ fẹ̀ tó mítà 3.2.

Ẹ wo etí ewé náà tó tẹ̀ sókè yí ká, kẹ́ ẹ wá ibi méjì tó ti ya: ibẹ̀ ni omi òjò ń gbà jáde kó má bàa ri ewé náà sómi. Ẹ tún bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ etí yẹn, ẹ̀gún ló kún un. Òdòdó rẹ̀ náà, alálẹ́ ni. Lálẹ́ àkọ́kọ́ ó funfun, ó ń ta sánsán, inú rẹ̀ sì gbóná ju afẹ́fẹ́ ìta lọ. Kòkòrò ẹlẹ́yìn líle á wọ inú rẹ̀ lọ, yóò pa dé mọ́ wọn nínú. Lálẹ́ kejì tó bá ṣí sílẹ̀ fún wọn láti lọ, ó ti pọ́n ràkọ̀ràkọ̀. Kew máa ń ṣí ní aago 10 àárọ̀, nítorí náà ẹ wà lẹ́nu géètì kí aago 10 tó lù, kẹ́ ẹ sì gba ilé òṣíbàtà lọ tààrà. Ọkọ̀ ojú irin District ló ń gbé ènìyàn dé ibùdókọ̀ Kew Gardens, ẹsẹ̀ díẹ̀ ni láti ibẹ̀. Kí ọmọ yín ra tíkẹ́ẹ̀tì lórí íntánẹ́ẹ̀tì ṣáájú.

Inú ilé náà ń móoru, ó sì kún fún ooru omi. Ẹ bọ́ kóòtù kẹ́ ẹ tó wọlé. Awò ojú yín àti kámẹ́rà fóònù yín á kọ́kọ́ bo. Ẹ dúró ìṣẹ́jú mẹ́wàá kó yọ́ fúnra rẹ̀, ẹ má máa nù ún.

Ní ti irúgbìn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má mú nǹkan kan níbẹ̀. Olè ni lábẹ́ òfin wọn. Ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 2014, ẹnì kan jí Nymphaea thermarum, òṣíbàtà tó kéré jù láyé, ní Kew, bẹ́ẹ̀ sì ni nígbà yẹn kò sí èyí tí wọ́n mọ̀ pé ó tún ń hù níbi ìsun omi gbígbóná ní Rùwáńdà tí wọ́n ti rí i. Èyí tí ẹ bá tilẹ̀ rà lọ́jà níbẹ̀, ó gbọ́dọ̀ ní ìwé àṣẹ àti ìwé ẹ̀rí pé kò lárùn kó tó wọ Nàìjíríà, Nigeria Agricultural Quarantine Service ló ń mójú tó o. Ìdí wà tí wọ́n fi ń le mọ́ ọn. Ewéko omi olódòdó àwọ̀ àlùkò tó dí ojú omi Èkó àti Ìlàjẹ pa, ará Gúúsù Amẹ́ríkà lòun náà, ẹwà òdòdó rẹ̀ sì ni àwọn ènìyàn rí tí wọ́n fi ń gbé e káàkiri ayé. Ní àwọn ọdún 1980 ló wọlé láti ojú omi Bàdágìrì.

ÌBÉÈRÈ: Fọ́tò òṣíbàtà tí mo bá fi fóònù yà máa ń funfun báláú, ẹ ò ní rí ojú òdòdó. Kí ni kí n ṣe? Ọ̀dọ́, Ìgbájà.

ÌDÁHÙN: Omi àti ewé dúdú ló ń tan fóònù jẹ, ó rò pé ibẹ̀ ṣókùnkùn. Ẹ fi ìka tẹ òdòdó lójú fóònù, kẹ́ ẹ wá fa ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ wálẹ̀ títí ẹ ó fi rí ìlà ara òdòdó. Ẹ jẹ́ kí oòrùn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín, kó má wà lẹ́yìn. Bí omi bá ń kọ mànà, ẹ fi awò oòrùn tó jẹ́ polarized bo ojú kámẹ́rà, kẹ́ ẹ sì máa yí i díẹ̀díẹ̀ títí ìkọmànà á fi lọ.

ÌBÉÈRÈ: Mo ti fẹ̀yìn tì, mo sì fẹ́ gbin òṣíbàtà sí àgbàlá mi. Ìgbà méjì ni mo ti dán an wò: àkọ́kọ́ jẹrà, èkejì yè ṣùgbọ́n kò yọ òdòdó, omi rẹ̀ sì di àwọ̀ ewé. Òṣìṣẹ́-fẹ̀yìntì, Òmù-Àrán.

ÌDÁHÙN: Bàbá, ẹ kú ìfaradà. Ohun méjèèjì tó ṣẹlẹ̀ yẹn wọ́pọ̀, orí ilẹ̀ àti oòrùn ló sì máa ń dá lé.

Báàfù ike dúdú tàbí dírọ́ọ̀mù ike tí wọ́n là sí méjì ti tó, tó bá fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 70 sí 90, tó sì jìn tó 45. Òṣíbàtà kan ṣoṣo ni kó wà nínú rẹ̀. Ẹ gbé e síbi tí oòrùn ti ń pa á fún wákàtí mẹ́fà ó kéré tán. Abẹ́ máńgòrò tàbí dóńgóyárò kò dára: òjìji wọn kì í jẹ́ kó yọ òdòdó, ewé wọn tó ń já sínú omi sì ń jẹrà níbẹ̀. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ìyẹn ló ṣe èkejì yín.

Ẹ má gbìn ín tààrà sí ìsàlẹ̀ báàfù. Ẹ wá ike kan tó fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 30, tó jìn tó 20. Amọ̀ ni kẹ́ ẹ rọ sí i, irú èyí tó ń dì mọ́ra tí ẹ bá fún un lọ́wọ́. Ẹ má lo ilẹ̀ dúdú tí wọ́n fi ìgbẹ́ adìẹ tàbí ewé jíjẹrà pò, tí àwọn olódòdó ń tà nínú àpò: yóò léfòó, èyí tó bá kù lábẹ́ yóò jẹrà, yóò sì mú ìdí òṣíbàtà jẹrà mọ́ra. A fẹ́ẹ̀ lè fọwọ́ sọ̀yà pé ohun tó pa àkọ́kọ́ yín nìyẹn. Ẹ tẹ ìdí òṣíbàtà sínú amọ̀, kí ojú ibi tó ti ń hù yọ síta. Ẹ da òkúta wẹ́wẹ́ bo amọ̀ náà ní sẹ̀ǹtímítà méjì, àmọ́ ẹ má bo ojú ìhù.

Bí ẹ bá ń lo omi ẹ̀rọ, ẹ jẹ́ kó wà nínú báàfù fún odidi ọjọ́ kan kí kẹ́míkà inú rẹ̀ lọ. Ẹ fi búlọ́ọ̀kù gbé ike náà sókè, kí omi tó wà lórí ojú ìhù má ju sẹ̀ǹtímítà 15 lọ. Nígbà tí ewé mẹ́rin tàbí márùn-ún bá ti tẹ́ sórí omi, ẹ yọ búlọ́ọ̀kù náà.

Òṣíbàtà ń jẹun púpọ̀, ṣùgbọ́n inú ẹrẹ̀ ni kẹ́ ẹ ti bọ́ ọ. Ẹ di ṣíbí tíì kan ajílẹ̀ NPK 15-15-15 sínú bébà, kẹ́ ẹ fi ìka tì í wọ inú amọ̀ dáadáa, jìnnà díẹ̀ sí ìdí rẹ̀, lẹ́ẹ̀kan lóṣù. Bí ẹ bá wọ́n ọn sójú omi, àwọn ewéko tíntìntín tí ojú kò lè rí lọ́kọ̀ọ̀kan ni yóò jẹ ẹ́, àwọn ló sì ń sọ omi di àwọ̀ ewé. Bí omi bá sì ti dà bẹ́ẹ̀, ẹ má dà á nù. Omi tuntun á tún gbé oúnjẹ tuntun wá fún wọn, á sì tún padà síbi tó wà. Ẹ ní sùúrù títí ewé òṣíbàtà á fi bo ìlàjì ojú omi tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Oòrùn kò ní rí abẹ́ mọ́, omi á mọ́ fúnra rẹ̀. Ẹ má sì fi ẹ̀rọ tó ń tu omi sókè sí i. Òṣíbàtà fẹ́ omi tó dákẹ́. Ewé tí omi ń ta sí lára lójoojúmọ́ á jẹrà.

Nítorí tanwíjí, ẹ fi ẹja wẹ́wẹ́ mẹ́rin tàbí márùn-ún sí i, irú èyí tí wọ́n ń sìn nínú dígí. Epìyà á jẹ ewé, àrọ̀ á hú amọ̀ dà nù. Tí ọmọdé bá ń wọ àgbàlá yín, ẹ fi nẹ́ẹ̀tì onírin bo ojú báàfù kó tó di pé ẹ bu omi sí i.

Tó bá jẹ́ odò ni ẹ ti fẹ́ mú ti yín, ẹ wọ bàtà rọ́bà gígùn àti ìbọ̀wọ́, kẹ́ ẹ sì fọ gbogbo ìgbín àti ẹyin wọn kúrò lára rẹ̀. Lẹ́yìn ọdún kan tàbí méjì, bí ẹ bá rí i tí ewé ń gun ara wọn, tí wọ́n ń dìde kúrò lórí omi, àyè ti há. Ẹ tú u, kẹ́ ẹ pín in, kẹ́ ẹ fi amọ̀ tuntun gbin ẹyọ kan padà.

Nígbà ọyẹ́, ẹ dáwọ́ ajílẹ̀ dúró, kẹ́ ẹ máa bu omi kún èyí tó bá fà. Ewé lè tán pátápátá. Ẹ má jù ú nù: ní adágún tó ń gbẹ lọ́dọọdún, kókó tó wà nínú ẹrẹ̀ ni òṣíbàtà yìí fi ń sùn di ìgbà òjò. Ẹ jẹ́ kí amọ̀ rẹ̀ máa tutù. Bí oṣù Èbìbí bá parí tí kò sì yọ ewé, ẹ fọwọ́ wá kókó náà. Èyí tó bá le, ó wà láàyè, ẹ gbé e wá sí ibi tí omi kò jìn kó lè rí oòrùn. Èyí tó bá rọ̀ tó sì ń rùn, ẹ yọ ọ́ kúrò kó má ba èyí tó kù jẹ́.